Oyún Tó Tètè Dé àti Ọmọ Tí Kì í Dáhùn Orúkọ Rẹ̀

Ìlobùú ni wọ́n bí mi sí, Ifọ́n-Ọ̀ṣun ni mo lọ́kọ sí. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ìyá ọlọ́mọ ìlú méjèèjì sì ń wá mi wá sílé títí dòní. Ohun tí wọ́n ń bá wá ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Nígbà kan, ibà ni, tàbí ìgbẹ́ gbuuru, tàbí ọmọ tó kọ ọmú. Ní báyìí, ìyá kan á jókòó, á gbé ọmọ ọdún mẹ́ta lé itan, á ní ọmọ òun kì í sọ̀rọ̀, pé bí a bá pè é lórúkọ, kì í bojú wẹ̀yìn. Tí a bá sọ ọ́ síwájú díẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ á jáde: ṣé torí pé òun tètè lóyún rẹ̀ ni? Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ béèrè. Wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ nílé ọkọ kó tó wá.

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn níbí, kí n sì dáhùn rẹ̀ dé ìdí, torí ìdajì rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń gbọ́, ìdajì yẹn ni wọ́n sì fi ń na ìyá ọmọ. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ rí i pé àlàfo tó wà láàárín oyún kan àti òmíràn ní ohun tó ń bá ọ́tísìmù ṣe. Irọ́ ni pé ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí ọmọ kan kó ní àìfi-àlàfo-sí ló fà á.

Ọ́tísìmù kì í ṣe àìsàn tí ọmọ kó níbì kan. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń dàgbà ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ yẹn sì ti bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún, ọdún kan tàbí méjì ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ọmọ náà lè máà wo ojú ẹni. Ó lè máà na ìka sí ohun tó wù ú kí ìyá rẹ̀ lè bá a wò ó. Ó lè to ìdérí ìgò sórí ìlà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n nà tí ẹnìkan bá sún ọ̀kan kúrò láyè rẹ̀. Òmíràn ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a bi í náà ló máa ń sọ padà fún wa. Òmíràn á di etí méjèèjì tí gbohùngbohùn bá ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí tàbí ti ìsọjí. Àwọn kan nínú wọn máa nílò ìrànlọ́wọ́ títí ayé. Àwọn kan á ka ìwé, wọ́n á ṣiṣẹ́, wọ́n á fẹ́ aya tàbí ọkọ.

Mo máa ń gbọ́ pé àrùn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ni Dókítà Leo Kanner ti kọ̀wé ní 1943 nípa ọmọ 11 tó rí, ìwé yẹn ló sì jẹ́ kí àwọn dókítà dá ọ́tísìmù mọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1978, Victor Lotter tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tó rí ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan, Nàìjíríà wà lára wọn, ó sì rí àwọn ọmọ tó ní in. Nítòsí wa, ní UCH Ìbàdàn, Dókítà Ikeoluwa Lagunju, Tolulope Bella-Awusah àti Olayinka Omigbodun tẹ ti wọn jáde ní 2014: nínú ọmọ 2,320 tí wọ́n rí ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ àti iṣan ọmọdé, 54 ló ní ọ́tísìmù. Nǹkan bí oṣù 44 ni ọjọ́ orí wọn, tí a bá pín in dọ́gba, kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Oṣù 44! Ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́rin, ìyá rẹ̀ ti gbé e káàkiri, wọ́n ti gbààwẹ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ lódò, kí ẹnìkan tó sọ orúkọ nǹkan náà fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ ti Ifọ́n tí mi ò lè fò. Ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni Ifọ́n. Òrìṣà náà, tí àwọn ìlú mìíràn ń pè ní Ọbàtálá, ni àwọn baba wa gbà pé ó ń mọ ọmọ sínú ìyá. Nítorí náà, àfín, abuké àti arọ jẹ́ ẹni òrìṣà; èèwọ̀ ni kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mùsùlùmí ni mí, mi ò sin òrìṣà, ṣùgbọ́n mo mọ bí àṣà yẹn ṣe dáàbò bo àwọn èèyàn láwùjọ. Ọmọ tó ní ọ́tísìmù kì í rí ààbò yẹn, torí ara rẹ̀ pé. Ó rẹwà, ó ń sáré, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ẹnikẹ́ni ò rí ohun tí òrìṣà mọ yàtọ̀ lára rẹ̀, torí náà wọ́n á ní emèrè ni, tàbí kí wọ́n wá ẹni tó jẹ̀bi. Ìyá rẹ̀ ló sún mọ́ wọn jù. Tó bá wá jẹ́ pé ọmọ méjì rẹ̀ ń tẹ̀ léra wọn gírígírí, ẹ̀sùn ti dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ìwádìí rí gan-an. Ní 2011, Keely Cheslack-Postava, Kayuet Liu àti Peter Bearman ti Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ kejì tó lé ní 660,000 wò. Ìpínlẹ̀ California ni wọ́n bí àwọn ọmọ náà sí láàárín 1992 àti 2002, àwọn àkọ́bí tó ṣáájú wọn kò sì ní ọ́tísìmù. Wọ́n ka iye oṣù tó wà láti ìgbà tí ìyá bí àkọ́bí dé ìgbà tó lóyún ọmọ kejì. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí wọ́n lóyún rẹ̀ kí àkọ́bí tó pé ọdún kan ní ọ́tísìmù ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé díẹ̀ ju ọmọ tí wọ́n dúró ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó lóyún rẹ̀ lọ. Tí oyún bá dé láàárín oṣù 12 sí 23, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Láàárín oṣù 24 sí 35, ìyàtọ̀ náà ti kéré.

Ìlọ́po mẹ́ta ń dẹ́rù bani. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ dé nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Norway ni ó jẹ́ kí èyí yé mi. Àwọn oníṣègùn ibẹ̀ wo àwọn ọmọ ìyá méjì-méjì tó lé ní 223,000, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013. Nínú 10,000 ọmọ kejì tí wọ́n lóyún rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 13 ló ní irú ọ́tísìmù tí wọ́n ń kà. Nínú 10,000 tí wọ́n lóyún rẹ̀ kí àkọ́bí tó pé oṣù mẹ́sàn-án, nǹkan bí 25. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó kù nínú 10,000 tí oyún wọn tètè dé yẹn: ọmọ 9,975 ni kò ní in. Kí ni ìyá ọkọ fẹ́ sọ nípa àwọn yẹn?

Ọ̀rọ̀ kò sì parí síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Finland ṣe tiwọn ní 2014, tí CDC, àjọ ìdènà àrùn ti Amẹ́ríkà, náà ṣe tiwọn ní 2018, wọ́n rí i pé àlàfo tó gùn jù, tó kọjá ọdún márùn-ún, ń bá ọ́tísìmù rìn bí èyí tó kúrú jù ṣe ń bá a rìn. Ìyẹn nìkan tó láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́ gbọọrọ. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ méjì jìnnà síra lè ti pẹ́ kí oyún tó dúró, àìsàn kan lè wà lára rẹ̀ tí kò jẹ́ kó tètè lóyún, ọjọ́ orí òun àti ọkọ rẹ̀ á sì ti lọ sókè. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó fa ìdádúró náà ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìdádúró fúnra rẹ̀. Bákan náà ni obìnrin tí oyún rẹ̀ tètè dé lè jẹ́ ẹni tí kò rí oúnjẹ tó dára jẹ, tí kò sì rí ìtọ́jú. Nǹkan méjì lè máa rìn pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Síbẹ̀, ìdí kan wà tí àwọn onímọ̀ fi rò pé ara ìyá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Oyún àti ọmú ń kó nǹkan lára obìnrin. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín, irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà á dín, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní fólétì á sì lọ sílẹ̀ láti bí ìdajì oyún títí di oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ ẹran ni fólétì máa ń wà. Òun ni ọmọ fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ìpìlẹ̀ yẹn sì ti máa ń parí nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Ní Norway kan náà, ní ọdún 2013 kan náà, wọ́n tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí ọmọ tó lé ní 85,000: àwọn tí ìyá wọn lo oògùn fólétì, tí wọ́n ń pè ní folic acid, ṣáájú oyún àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún ní irú ọ́tísìmù yẹn ní nǹkan bí ìdajì iye tó wà láàárín àwọn tí ìyá wọn kò lò ó. Ìyẹn náà kò fi hàn pé oògùn ló dá a dúró, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ara tí kò tíì sinmi mu. Ní tèmi, mi ò ní dúró de ẹ̀rí kí n tó sọ fún obìnrin tó ń múra oyún pé kó lo oògùn náà. Ó ń dáàbò bo ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, ìyẹn ti dájú tipẹ́.

Ohun tó lágbára ju àlàfo lọ sì ni ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Nínú àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n wọn ní ọ́tísìmù, nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún ló ń ní in pẹ̀lú. Ẹ fi ìyẹn wé 25 nínú 10,000. Bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti pe bàbá kó wá jẹ́jọ́.

Àwọn ìyá wa kò ka ìwé àwọn oníṣègùn, síbẹ̀ wọ́n mọ bí a ṣe ń fi àlàfo sáàárín ọmọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìlobùú, ìyá tó bímọ máa ń sùn ní yàrá ìyá ọkọ tàbí kó padà sílé bàbá rẹ̀, kò sì ní bá ọkọ rẹ̀ lò pọ̀ títí ọmọ yóò fi rìn dáadáa, tí yóò fi já lẹ́nu ọmú. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni. John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat kọ̀wé lórí àṣà Yorùbá yìí gan-an ní 1977. Lawrence Adeokun ti Yunifásítì Ifẹ̀ náà kọ̀wé lórí rẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1985. Ìdí tí àwọn àgbà ń sọ ni pé àtọ̀ máa ń ba ọmú jẹ́. Kì í bà á jẹ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́: ọmọ tí wọ́n lóyún lé lórí máa ń rù, inú rẹ̀ á wú, irun rẹ̀ á pọ́n. Dókítà Cicely Williams rí ohun kan náà ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òní, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 1933.

Àṣà yẹn ti lọ, ó sì lọ kí ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ tó dé. Tọkọtaya ń gbé yàrá kan ní Òṣogbo. Ìyá ọkọ wà ní abúlé. Ìyàwó kan ṣoṣo ni, ó sì ń bẹ̀rù pé tí òun bá sùn lọ́tọ̀, ọkọ á wá òmíràn. Ìgbà tí ìjọba sì gbé ètò iye ènìyàn jáde ní 1988, tí wọ́n ní ọmọ mẹ́rin tó fún obìnrin kan, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ ka ọmọ fún àwọn. Láti ìgbà náà ni ìfètò-sọ́mọ-bíbí ti ń dún létí wọn bí ọ̀rọ̀ iye. Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni mo máa ń bá wọn sọ. Mo ti rí ọkùnrin tó gbójú mọ́ mi nígbà tí mo pe ìfètò, tó sì tẹ́tí nígbà tí mo ní kó jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ sinmi bí ìyá tirẹ̀ ṣe sinmi.

Ìṣirò tún máa ń ṣini lọ́nà. Àjọ ìlera àgbáyé, lẹ́yìn ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Geneva ní 2005, ní kí obìnrin dúró oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kó tó tún lóyún, àti ó kéré tán oṣù mẹ́fà lẹ́yìn oyún tó bàjẹ́. Láti ìbímọ dé oyún ni wọ́n ń kà. Lọ́dọ̀ wa, láti ọmọ dé ọmọ la ń kà. Obìnrin tó ní ọdún méjì ló wà láàárín àwọn ọmọ òun ti lóyún nígbà tí àkọ́bí wà ní oṣù 15. Kó tó lè pa oṣù 24 mọ́, ọmọ méjì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí oṣù 33 jura wọn lọ.

Fífún ọmọ lọ́mú nìkan ń ràn wá lọ́wọ́ láti má tètè lóyún, tó bá jẹ́ pé ọmọ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tí nǹkan oṣù kò tíì padà, tí wọn kò sì fún un ní omi tàbí ẹ̀kọ. Tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn bá ti yẹ̀, kí ìyá má gbọ́kàn lé e mọ́. Oyún lè dé kí nǹkan oṣù tó padà rárá. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá sọ́dọ̀ mi tí wọ́n ní àwọn ò mọ bó ṣe jẹ́, bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta wà, èyí tí wọ́n ń kì sí apá wà, tó lè lo ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, lúùpù wà, kọ́ńdọ̀mù wà. Ní 2025 tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ láàárín Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá kónílé-ó-gbélé, àwọn kan wà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ wọn bọ́ sí àárín rẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ nígbà tí ọ̀nà ṣí, wọ́n rò pé nọ́ọ̀sì á pariwo mọ́ wọn pé wọ́n pẹ́. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ lọ ní kíá. Abẹ́rẹ́ yẹn ṣì ṣeé gbà títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n obìnrin tó lọ́kọ ní ọdún 36 kò lè dúró bí ẹni ọdún 22. Ọjọ́ orí ìyá àti ti bàbá náà ń fi kún ọ̀rọ̀ ọ́tísìmù, ó sì ń fi kún àwọn ewu mìíràn. Mi ò ní sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó dúró ọdún mẹ́ta. Mo máa ní kó bá dókítà sọ̀rọ̀, kó lo oògùn fólétì ṣáájú, kó jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti wà lórí itan rẹ̀, tí kì í dáhùn orúkọ, kò sí ohun tí ọ̀rọ̀ àlàfo lè ṣe fún un mọ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n tètè mọ̀, kí wọ́n sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ bí yóò ṣe sọ ohun tó fẹ́, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tàbí àwòrán. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, torí ọmọ tí kò gbọ́ràn náà kì í dáhùn. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á. Ìwé tí wọ́n kọ ní 1998 tó dá ìbẹ̀rù yẹn sílẹ̀, ìwé ìròyìn Lancet tó tẹ̀ ẹ́ ti fagi lé e ní 2010.

Kódà, ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn ni mo rò pé ó yẹ kí á lò. Gbogbo ìyá ló mọ káàdì náà: ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n ń gba ti èéyi àti ti ibà pọ́njú, oṣù 15 tí wọ́n ń gba ti èéyi lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọ̀sẹ̀ 6, kí nọ́ọ̀sì bi ìyá bó ṣe fẹ́ sinmi, kó sì ní kí bàbá bá a wá ní ọ̀sẹ̀ 10. Ní oṣù mẹ́sàn-án, kí ó pe ọmọ lórúkọ láti ẹ̀yìn, kó wò ó bóyá yóò yíjú. Ní oṣù 15, kí ó béèrè bóyá ọmọ máa ń na ìka sí nǹkan, bóyá ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ tó bá ń rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú mélòó kan ló gbà, kò sì gba ẹ̀rọ kankan. Bí ọmọ kò bá ṣe é, kò túmọ̀ sí pé ó ní ọ́tísìmù. Ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n tún un wò ní oṣù 18, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún ìyá rẹ̀ láti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé ní Òṣogbo tàbí Ifẹ̀ tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún àwọn ọmọbìnrin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ní ilé ìwòsàn. Méjì nínú wọn ti ń pe àwọn ọmọ lórúkọ láti ẹ̀yìn kí wọ́n tó gún wọn lábẹ́rẹ́.